Páálí Tí Olóògbé Ò Rí Tò: Tìmì Ẹdẹ, Pásítọ̀ Ọ̀yọ́ àti Ìwé Tó Sọnù

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Ẹni tó bá ní ìrẹsì lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Àwọn kan wà nílùú òyìnbó tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé ni kí wọ́n máa to ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi kéékèèké. Inú páálí ló ti ń wá, irú èyí tí Airfix ń ṣe: ìyẹ́ lọ́tọ̀, táyà lọ́tọ̀, ìwé tó ń júwe bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ náà lọ́tọ̀. Ìwọ lo máa fọwọ́ ara ẹ tò ó, wàá lẹ̀ ẹ́, wàá kùn ún. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rà á ju èyí tí wọ́n lè tò tán láyé wọn lọ. Tí ọ̀kan nínú wọn bá wá kú, ogún páálí, ọgọ́rùn-ún páálí, lè wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á wá máa wo ara wọn lójú. Ṣé ká tà á, kí owó ẹ̀ lọ sọ́wọ́ ìyàwó? Ṣé ká tò ó? Tá a bá tò ó, ṣé bí òun ì bá ṣe kùn ún la máa kùn ún ni, àbí bó ṣe wù wá? Orúkọ ta ló máa wà lábẹ́ ẹ̀?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àwa náà ní páálí tiwa. Ó lè jẹ́ fóònù ọ̀rẹ́ yín tó ti lọ, tí orin tí kò tíì parí pọ̀ nínú ẹ̀ bí iyanrìn. Ó lè jẹ́ ilé tí wọ́n kọ́ dé lẹ́ńtẹ̀lì. Àdúgbò tó bá wù yín nílùú Ẹdẹ, ẹ rìn ín já, ẹ máa rí ilé tí igbó ti hù nínú pálọ̀ ẹ̀ kí olówó ẹ̀ tó rí i sùn.

Páálí kan wà tó kan Ẹdẹ gbọ̀ngbọ̀n, tó sì kan gbogbo ẹni tó ń sọ Yorùbá. Òun ni mo fẹ́ sọ.

Gbogbo wa la mọ ìwé tí wọ́n ń pè ní The History of the Yorubas. Kódà ẹni tí kò kà á rí ti rí àwòrán ojú ewé kan nínú ẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ti ń jà lórí ìlú tó ṣáájú ìlú. "Johnson sọ bẹ́ẹ̀." "Johnson purọ́, ọmọ Ọ̀yọ́ ni." Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ìwé náà lé ní 600 ojú ewé. 1921 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Samuel Johnson tí orúkọ ẹ̀ wà níwájú ẹ̀ kú ní 1901.

Ẹ ṣírò ẹ̀. Ogún ọdún gbáko. Kò fojú kan ewé kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tá à ń bá jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, páálí ló fi sílẹ̀. Ẹlòmíì ló tò ó.

Ẹ jẹ́ n sáré sọ ta ni bàbá yìí. Wọ́n bí i ní 1846 ní Hastings, ní Sẹ̀rà Líónì, láàárín àwọn Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n wá rí ìdáǹdè sí ibẹ̀. Bàbá ẹ̀, Henry Erugunjinmi Johnson, ìran Aláàfin Abíọ́dún ni. Ní 1858, bàbá kó gbogbo ilé ẹ̀ wá sí Ìbàdàn kó lè máa bá òyìnbó ajíhìnrere kan, David Hinderer, ṣiṣẹ́. Nítorí náà, Ìbàdàn ni Samuel wà ní kékeré nígbà tí ogun Ìjàyè ń jà, láti 1860 sí 1862, tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n nílé mísọ́nnárì. Ó lọ kàwé ní Abẹ́òkúta, ó padà sí Ìbàdàn, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Nígbà tó yá, ó di àlùfáà, wọ́n sì fi ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́.

Kì í ṣe ẹni tó jókòó sínú yàrá tó ń kọ ìtàn lásán. Ogun Kírìjì tí ẹ ń gbọ́, ó wà nínú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Ní 1881, òun ni Aláàfin Adéyẹmí Kìíní fi lẹ́tà rán sí gómìnà l'Ékòó pé kí wọ́n wá bá wọn parí ìjà. Ní 1886, òun àti Charles Phillips ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín àgọ́ Ìbàdàn àti àgọ́ Èkìtì Parapọ̀, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ẹ wo irú ẹni bẹ́ẹ̀! Bọ́ sí àgọ́ yìí, kí balógun wọn, bọ́ sí àgọ́ kejì, kí tọ̀hún. Gbogbo ohun tó ń gbọ́ ló ń kọ sílẹ̀.

Ibi tó ti wá kan Ẹdẹ nìyí.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé ẹ̀, Johnson sọ ibi tó ti rí ìtàn tó kọ. Àwọn Arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ ni olórí, àwọn tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa rántí. Ṣùgbọ́n ó tún ya àwọn mélòó kan sọ́tọ̀, ó dárúkọ wọn. Ọ̀kan ni David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn. Ọ̀kan ni Josiah Oni, oníṣòwò tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbélé. Ọ̀kan sì ni Lágùnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ó ní gbogbo ilẹ̀ yìí ló mọ Lágùnjú sí ẹni tí Ọlọ́run fún lẹ́bùn ìtàn, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ṣeé gbára lé.

Ọmọ Ẹdẹ, ṣé ẹ gbọ́? Ọba wa ni. Tìmì Àbíbù Lágùnjú, tí wọ́n ń pè ní Tìmì àkọ́kọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí. Mùsùlùmí ló ń pìtàn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìtàn Ṣàngó àti Ọbàtálá sì wà lára ohun tó wọnú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ìlú tí Ẹdẹ jẹ́, kò nílò àlàyé púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. (Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tiẹ̀ kó odidi ìwé jọ lórí bí ẹ̀sìn mẹ́ta yìí ṣe ń gbé pọ̀ ní Ẹdẹ, Beyond Religious Tolerance, 2017. Ẹ wá a kà tí ẹ bá ráyè.)

Nítorí náà, kí páálí tó dé ọwọ́ Johnson, ẹlòmíì ti kọ́kọ́ gbé e lé e lọ́wọ́. Tìmì kò kọ ìwé kankan. Ohun tó mọ, ẹnu ló fi sọ ọ́, ó sì gbà pé ẹni tó ń gbọ́ kò ní jẹ́ kó ṣòfò.

Johnson náà sọ ìfẹ́ inú ẹ̀ kedere. Ohun méjì ló fẹ́. Àkọ́kọ́: kí ìtàn ilẹ̀ baba wa má ṣe di ohun ìgbàgbé, torí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ti ń kú lọ. Ó bínú díẹ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn ò sì mọ ti ìlú tiwọn. (1897 ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Ẹ ò ní gbà pé kì í ṣe àná.) Ìkejì: kí àwọn mìíràn kọ ti apá ọ̀dọ̀ wọn, kí ìtàn Yorùbá lè kún sí i. Kò sọ pé tòun ti tó. Ẹ fi ìkejì yìí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń kó o jọ. Ní 1899, wọ́n fi gbogbo ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere ńlá kan ni wọ́n sì fi rán an. Wọ́n retí. Wọ́n retí títí. Kò sí èsì.

Ẹ rántí pé kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn, kò sí ibì kankan téèyàn lè fi ẹ̀dà pa mọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá ti kọ iṣẹ́ àṣekágbá ní Pólì, tí kọ̀ǹpútà yín wá kú lọ́sẹ̀ tó ku ọ̀la, ẹ mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn. Ẹ wá fi ogún ọdún kún un.

Samuel ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Obadiah. Dókítà ni, dókítà gidi. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba oyè ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh ní 1889, nígbà tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ lèèyàn lè fi ka àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú lápá ibí yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwé náà. Ní 1900, Obadiah dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lọ bá atẹ̀wé náà lójúkojú.

Ohun tí atẹ̀wé sọ: ìwé ti ṣì wà sí ibì kan, a ò rí i mọ́, ṣùgbọ́n a ṣe tán láti san owó ẹ̀.

Owó ẹ̀! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹlẹ́ran ní ẹ fún òun ní ẹran òun, ẹ ní ẹ máa fún un lówó ata. Obadiah kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ tó gbọ́ fura, pé ó jọ pé nǹkan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ju ohun tí wọ́n sọ síta lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò gbé e lọ sí kóòtù, wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ lórí ibí yìí bíi pé wọ́n wà nínú ọ́fíìsì atẹ̀wé náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á ní òyìnbó jí i gbé nítorí báyìí nítorí báyìí. Èmi ò ní bá wọn lọ. Ohun tí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ sọ ni pé àwọn fura. Ó tó.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1901, oṣù kẹrin, Samuel kú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Ó wá ku Obadiah pẹ̀lú páálí. Ohun tó wà nínú páálí náà ni àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi sílẹ̀, àti àwọn ewé tó kọ́kọ́ kọ kó tó tún un kọ dáadáa. Ìwé gan-an, èyí tó pé, ti lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pé, "Àbúrò ẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀, kí ló kàn án mọ́ ìtàn páálí?" Ẹ dákẹ́ ná. Samuel ní àwọn arákùnrin mìíràn, Henry àti Nathaniel, àlùfáà ńlá ni àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ Obadiah ni iṣẹ́ yìí wà torí pé òun ló ń bá a ṣe é nígbà tó wà láyé. Ọ̀rọ̀ àjogún lásán kọ́ nìyẹn. Ẹni tó mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó lọ ni, bóyá ìyekan, bóyá ọ̀rẹ́. Ẹ wo àwọn ilé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ṣebí wọ́n ní àrólé.

Kò sáré. Ibi tí mo ti fẹ́ràn bàbá yìí nìyẹn, torí kò fi ara ẹ̀ ṣe ẹni mímọ́. Òun fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí òun tó lè fọwọ́ kàn án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ náà mú un rẹ̀wẹ̀sì, iṣẹ́ sì pọ̀. Dókítà ni l'Ékòó, ó sì tún wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba láti 1901 sí 1913. Ẹ̀yin tí ọ̀rẹ́ yín fi nǹkan sílẹ̀ fún láti ọdún kẹta, tí ẹ ń wo páálí náà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí ojú ń tì yín láti ṣí i, dókítà ìgbà ayé Fìkítóríà náà wò ó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, ohun tó ṣe kì í ṣe ẹ̀dà kíkọ. Ó tún gbogbo ẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibí ni ìbéèrè àwọn atokọ̀ yẹn ti wọlé: ọ̀dà ta ló fi kùn ún?

Ó ṣe ohun kan tó dára. Orúkọ Samuel ló fi síwájú ìwé, ó sì pe ara ẹ̀ ní olóòtú lásán. Bẹ́ẹ̀ ó lè kọ "Dókítà Obadiah Johnson" gàdàgbà síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mú un. Ó tọ́jú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọ ní 1897, ó fi sí àyè ẹ̀. Ó tọ́jú orúkọ àwọn tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí Lágùnjú ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó rọrùn kéèyàn gbàgbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ti kú.

Ohun tí mo ní lọ́kàn sí i nìyí. Yàtọ̀ sí àkíyèsí díẹ̀ tó fi àmì olóòtú sí, kò jẹ́ ká mọ ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ti parí àti ibi tí tàbúrò ti bẹ̀rẹ̀. Títí dòní làwọn ọ̀mọ̀wé ń fa ọ̀rọ̀ yẹn láàárín ara wọn. Tí ẹ bá ń sọ pé "Johnson sọ bẹ́ẹ̀", Johnson wo? Bóyá ó rò pé ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà ìbọ̀wọ̀, pé kí wọ́n má rí òun rárá. Lójú tèmi, ì bá dára kó ti sàmì sí i. Ẹni tó ń to páálí ọ̀rẹ́ ẹ̀, tí táyà kan bá ti sọnù tó sì fi òmíì rọ́pò ẹ̀, kó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀. Kò dín iyì ẹnikẹ́ni kù.

Iṣẹ́ parí. Ìgbà yìí, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1916, wọ́n tún di ìwé àfọwọ́kọ náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Appam.

Ẹ di ara yín mú.

Appam jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ Elder Dempster tó máa ń kó èèyàn àti lẹ́tà láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kúrò ní Dakar nínú oṣù kìíní 1916. Gómìnà Sẹ̀rà Líónì gan-an wà nínú ẹ̀. Wúrà wà nínú ẹ̀. Ìtàn Yorùbá náà wà nínú ẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ lápá erékùṣù Madeira, ọkọ̀ ogun Jámánì kan yọ sí i. Möwe lorúkọ ẹ̀. Ó ti para dà bí ọkọ̀ akẹ́rù lásán, àṣé ìbọn ńlá ló fi pa mọ́. Wọ́n gba Appam láìjà. Dípò kí wọ́n rì í, wọ́n fi ọ̀gágun kékeré kan, Hans Berg, àti àwọn ọmọ ogun díẹ̀ sínú ẹ̀, wọ́n ní kó máa wa á lọ. Ó wa á la òkun Àtìláńtíìkì já, ó lọ gúnlẹ̀ sí Virginia, l'Ámẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì. Amẹ́ríkà kò tíì dá sí ogun nígbà yẹn. Gbogbo ayé ti rò pé ọkọ̀ náà ti rì. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Ámẹ́ríkà, ní 1917 ni wọ́n sì dá a pé kí wọ́n dá ọkọ̀ padà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ín.

Ìyẹn ni pé Ọ̀rànmíyàn, Ṣàngó, Kúrunmí, Ògèdèǹgbé, gbogbo wọn di ẹlẹ́wọ̀n Jámánì ní Virginia. Èmi ò lè dá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ká ní mo fẹ́ purọ́.

Ẹ wá ro ti Obadiah. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Ìwé kan náà, ìlà kan náà, ó tún sọnù lójú ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ àwọn tí wọ́n máa sọ pé àmì ni, pé ẹni tó kú kò fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n lọ ṣe ètùtù kí wọ́n sì fi sílẹ̀. Kò fi sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí ìdì ìwé náà, ó jáde láti Amẹ́ríkà, ó sì dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé. Ṣùgbọ́n ogun ti sọ bébà di ọ̀wọ́n gógó, wọ́n tún ní láti dúró.

1920, Obadiah kú.

1921, ìwé jáde.

Nítorí náà, nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó rí i lórí àtẹ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kò rí i, ẹni tó parí ẹ̀ kò rí i.

Kí wá ni Ẹdẹ rí níbẹ̀? Ó pọ̀. Ìtàn bí Ẹdẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ wà nínú ẹ̀: pé nígbà Aláàfin Kórì, àwọn Ìjẹ̀ṣà ń yọ àwọn oníṣòwò lẹ́nu lójú ọ̀nà, wọ́n ń jí èèyàn gbé, Aláàfin wá rán ọdẹ kan tó mọ ọfà í ta pé kó lọ dúró síbẹ̀. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná nìyẹn. Bó ṣe wá di alágbára ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n fi rán Gbọ̀ńkáà pé kó lọ mú un wá, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá ti wo Ọba Kò So rí, ẹ ti ń sọ lọ́kàn yín pé, "Kórì kẹ̀? Ṣàngó mà ni." Ẹ̀yin náà ò jẹ̀bi. Ìgbà ayé Ṣàngó ni Dúró Ládiípọ̀ fi Tìmì àti Gbọ̀ńkáà sí nígbà tó ṣe eré náà ní Òṣogbo ní 1963. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé e dé Berlin. Ládiípọ̀ kì í ṣe òpìtàn, òṣèré ni, ó mọ ohun tó ń wá. Òun náà to páálí náà, ṣùgbọ́n ọ̀dà tiẹ̀ ló fi kùn ún, kò sì fi ṣe àṣírí. Ó wá di pé èyí tó kùn lẹ́wà débi pé àwọn èèyàn gbàgbé àwọ̀ ti àkọ́kọ́. Èmi ò bínú sí i. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọ̀ méjì ló wà.

Ẹ̀rí tún ti ilẹ̀ wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Ògúndìran, awalẹ̀pìtàn, gbẹ́ ilẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé, ibi tí Ẹdẹ ti wà kó tó ṣí wá síbi tó wà báyìí. Wọ́n bá egungun ẹṣin níbẹ̀. Wọ́n bá ìkòkò irú ti Ọ̀yọ́. Igi oṣè wà níbẹ̀, igi ọ̀dàn, tí kì í dédé hù lápá ibí, àfi téèyàn bá gbé e wá gbìn. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ló gbé igi ilé wọn dání wá. Ìlú tí Ọ̀yọ́ tẹ̀ dó láti máa ṣọ́ ọ̀nà ni, ohun tí ìwé Johnson sọ gan-an. Arọ́kin sọ ọ́, Tìmì sọ ọ́, Samuel kọ ọ́, Obadiah tún un kọ, Jámánì jí i gbé, ọkọ́ awalẹ̀pìtàn wá kan egungun ẹṣin.

Ó ku ìfẹ́ inú kejì tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, pé kí àwọn mìíràn kọ ti ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn náà, àwọn kan gbà á. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí Johnson kọ bí ajínigbé yẹn, wọn ò jókòó kí wọ́n máa bú u. Ní 1932, wọ́n tẹ Ìwé Ìtàn Ìjẹ̀ṣà-Obòkun jáde, ní Yorùbá. Ní Ẹdẹ, Olúnládé kọ tiwa ní Yorùbá, I. A. Akínjógbìn túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ n'Ìbàdàn sì tẹ̀ ẹ́ ní 1961: Ede: A Short History. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣiyan Oyèwẹ̀sọ̀ kọ Ede in Yoruba History. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn máa pariwo pé Johnson fi ti Ọ̀yọ́ ṣáájú, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mú gègé. Fífi ti Ọ̀yọ́ ṣáájú, ó ṣe é lóòótọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló sì ní kẹ́ ẹ wá fi tiyín kún un.

Ìwé Johnson wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀tọ́ àdáni orí ẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Ẹ má sáré lọ síbi tí wọ́n ti bú ìlú yín tàbí ibi tí wọ́n ti yìn ín. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú méjèèjì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, ti Samuel àti ti Obadiah. Kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ. Ẹ máa rí Tìmì níbẹ̀.

Ẹni tó bá sì ní ti Olúnládé nílé, èyí tó wà ní Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Mo máa fi fóònù ya àwòrán ẹ̀ lójú ewé lójú ewé níwájú yín, màá sì dá a padà lọ́jọ́ náà.